Èmi Aránṣọ, Okechukwu Alágbàfọ̀, àti Oúnjẹ Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

Àwọn òbí kan ní àdúgbò wa ní Odoakpu, nínú ìlú Onitsha, máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ aránṣọ ṣì ṣeé fi ọmọ sí lóde òní. Wọ́n máa ń fẹ́ kí n fèsì ní gbólóhùn kan, kí wọ́n lè máa bá ọ̀nà wọn lọ. N kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe kò ṣeé sọ ní ìdúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì, pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ mú. Èyí tó bá wúlò níbẹ̀, ẹ mú un dání. Èyí tí kò bá wúlò, ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ti yó, torí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo sábà máa ń rántí nǹkan.

Múráínà ni orúkọ mi. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Onitsha ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta aṣọ níbí ló mú mi wá, nígbà tí ogun abẹ́lé ti parí, tí ìlú ń tún ara rẹ̀ tò. Ó wò mí, ó ní apá mi kò lágbára tó fún ẹrù gbígbé, ló bá fà mí lé Ọ̀gá Sàláwù lọ́wọ́. Bí mo ṣe di aránṣọ nìyẹn. Kò sí ìtàn kankan níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìlọrin ni Ọ̀gá Sàláwù, ènìyàn tín-ín-rín tí kì í gbé ohùn sókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ọ̀gá tó rọrùn ni wọ́n. Aránṣọ kan wà ní ojúlé kejì sí wa tó ń fi pàṣán na àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ Ọ̀gá Sàláwù sì máa ń jowú wọn, torí tí wọ́n bá ti nà wọ́n tán, ó tán. Tiwa kì í tán. Fún ìgbà pípẹ́, Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ. Ilẹ̀ ni mo ń gbá. Èédú ni mo ń kó sínú áyọ́ọ̀nù, tí mo sì ń fẹ́ eérú rẹ̀ dànù níta, kó má baà ta sára aṣọ oníbàárà. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n jókòó sídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, wọn kò fún mi ní òwú. Wọ́n ya bébà àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, wọ́n ní kí n máa fi abẹ́rẹ́ lásán tẹ̀lé ìlà náà. Abẹ́rẹ́ á lu ihò sára bébà, wọ́n á gbé bébà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wò ó.

"Ihò yìí ti mutí," ni wọ́n máa ń sọ. "Padà lọ."

Nígbà tí mo kúrò lórí bébà, kọ́là ni wọ́n fi fojú mi rí màbo. Tí mo bá rán kọ́là tí kò gún, wọn kì í bá mi wí. Wọ́n á fi bíléèdì lé e lórí, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Bíléèdì yẹn túmọ̀ sí pé kí n tú u. Ọjọ́ kan wà tí mo tú kọ́là kan ṣoṣo títí tí aṣọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó lọ́wọ́ mi. Omijé ń bọ̀ lójú mi, mo sì ti ń ronú ọ̀nà gáréèjì tí mo fi máa sá padà sí Ìwó.

"Ọ̀gá," mo ní, "oníbàárà kò ní rí i."

"Èmi ti rí i."

"Ìsìnkú ni wọ́n fẹ́ wọ aṣọ yìí lọ, Ọ̀gá. Ta ni yóò máa wo kọ́là níbi ìsìnkú?"

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu wọn. "Ẹni tó ń sunkún ló ń wolẹ̀," ni wọ́n wí. "Àwọn tó kù, kọ́là ni wọ́n ń wò."

Mo tún un tú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo kórìíra ọ̀gá yẹn lọ́pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún wọn lẹ́yìn ìrun, n kò sì mọ ọjọ́ tí ọ̀kan di èkejì.

Nígbà tí mo gba ìyọ̀ǹda, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní òpópónà tó wà lẹ́yìn tiwọn. Alágbàfọ̀ kan ló wà ní òdìkejì mi, ọmọ Ogbunike. Okechukwu ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn gíga ni, ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ máa ń le ganrangan fún sítáàṣì, bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́. Àwa méjèèjì kò rẹ́. Omi ọṣẹ rẹ̀ ń ṣàn wá síwájú mi, èéfín èédú tèmi sì ń lọ bá aṣọ tó sá sórí okùn. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun onílé, ó fẹjọ́ tèmi náà sùn. Onílé ní kí a yanjú rẹ̀ láàárín ara wa. Bí a ṣe yanjú rẹ̀ ni pé a kò kí ara wa mọ́.

Òjò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní GRA ti gbé aṣọ àwọn ọmọ wọn fún mi rán: ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ aró. N kò tíì gba irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti rán an tán, mo ti lọ̀ ọ́, mo sì to gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, funfun lápá kan, aró lápá kejì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alaásárì tán ni òjò bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà wa ti dí. Kí n tó ká ẹní mi, omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kò sì pẹ́ tó fi ti bẹ́ǹṣì náà ṣubú. Nígbà tí mo fi máa gbé aṣọ àkọ́kọ́ sókè, aró ti ń ṣàn lára ṣòkòtò, ó sì ti ń wọ ara ṣẹ́ẹ̀tì.

Mo dúró nínú omi tó dé orókún mi. Mo kàn ń wo aró náà bó ṣe ń tàn. Àwọn òbí ọmọ kò ní mọ òjò, aránṣọ ni wọ́n máa mọ̀. Orúkọ tí mo fi bíléèdì àti ẹkún wá, mo rí i tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo fẹ́ fún omi inú rẹ̀.

"Má fún un!"

Okechukwu ni. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì ń gba inú omi bọ̀. Igbo ni òun àti èmi ń sọ láti ọjọ́ yẹn títí di òní, èmi ni mo ń tú u sí Yorùbá fún yín.

"Tí o bá fún un, aró á wọ inú rẹ̀ lọ," ó ní. "Má sì jẹ́ kó gbẹ. Tó bá fi lè gbẹ báyìí, ó parí. Kó gbogbo ẹ̀ fún mi bó ṣe wà."

"Níbo la máa kó o sí?"

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ mi. Gbé e, jàre. Tí omi bá ti lọ tán, ká máa bá ìjà wa lọ."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Obìnrin kan tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù nínú ọjà, tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́ ayálégbé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Okechukwu ń gbé. Mama Nkechi la ń pè é. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n lórí, ó pe àwọn obìnrin ilé yòókù, wọ́n sì ń gbé aṣọ tútù gun àtẹ̀gùn. Omi tútù ni Okechukwu ní kí a lò, kì í ṣe gbígbóná. A ṣan aṣọ, a da omi nù, a tún pọn òmíràn. Ó da oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun sínú ọpọ́n, ó ń fi ọ̀pá rò ó bí ẹni tó ń ro ọkà. Ẹnikẹ́ni tó bá kánjú, ó máa ń wò ó títí tí onítọ̀hún á fi dẹwọ́. Nígbà tí oòrùn yọ, a sá ṣẹ́ẹ̀tì sí gbogbo ibi tí okùn lè dé. Èyí tó pọ̀ jù ló là. Àwọn díẹ̀ kọ̀, mo sì gé tuntun dípò wọn. Bọ́tìnnì tó já, Mama Nkechi jókòó tì mí, ó ń fi ọwọ́ gán an padà.

Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, èmi àti Okechukwu lọ dúró sí ẹ̀bá títì. Àwọn ọmọ ń kọjá.

"Ṣé o rí aró kankan?" mo bi í.

"Mo rí ọ̀kan."

"Níbo?"

"Abẹ́ kọ́là ọmọ tó gbé báàgì pupa yẹn. Ṣùgbọ́n fi ọkàn balẹ̀, nwanne m. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí mo ti máa wò."

Nwanne m, ìyẹn ọmọ ìyá mi. Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé aṣọ yíya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń darí rẹ̀ sí. Ẹni tí mo bá rán aṣọ fún, mo máa ń sọ fún un pé Okechukwu ni kó gbé e fún, kí ẹlòmíràn má baà ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Áyọ́ọ̀nù oníná dé, ti eléèédú sì di ohun tí mo fi ń há ilẹ̀kùn. Mo ra maṣíìnì oníná, lẹ́yìn náà mo ra jẹnẹrétọ̀ nítorí maṣíìnì oníná. Òkirika, ìyẹn aṣọ àlòkù, dé nínú bẹ́ẹ̀lì gàgàrà, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé iṣẹ́ aránṣọ ti kú. Kò kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkirika kúrú fún wọn ni. Maṣíìnì oníkọ̀ǹpútà dé, tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn aṣọ kí ènìyàn tó mu omi tán. Mo wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì gbà pé ó mọ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Oníbàárà á gbé àwòrán ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, á ní bí òun ṣe fẹ́ rí gan-an nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́: irinṣẹ́ kì í lé aránṣọ lọ. Ẹni tí kò lè sọ òtítọ́ fún oníbàárà kí oníbàárà má sì bínú, òun ni kò ní pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ojú ló mú mi fẹ̀yìn tì. Ó dé ìgbà kan tí ihò abẹ́rẹ́ di méjì lójú mi, èyí tí kò sí níbẹ̀ gan-an ni mo sì ń ti òwú bọ̀. Mo fa ṣọ́ọ̀bù lé Chidinma lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ mi tó ti di ọ̀gá. Okechukwu náà ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Mama Nkechi kò sì lọ sí ọjà mọ́. Kálukú wà nílé, ó ń wo òrùlé.

Mama Nkechi ló mú àbá wá. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ó ní, "gbogbo ìgbà tí mo mọ̀ yín, ìdúró lẹ ń jẹun ọ̀sán. Múráínà á ki oúnjẹ bọ ẹnu, á tún máa tẹ maṣíìnì. Èmi náà, tí mo bá bu òkèlè kan, oníbàárà á ní òun fẹ́ síìpù. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó síbì kan, kí ẹlòmíràn gbé oúnjẹ wá fún wa."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀. A máa ń lọ sí ilé oúnjẹ kan létí Odò Ọya tí wọ́n ti ń se ẹja tútù, a máa ń lọ sí òmíràn ní Odoakpu tí ọbẹ̀ ewúro wọn kò láfiwé. Nígbà kan, ọmọ Mama Nkechi ní ká lọ sí ọ̀kan ní GRA, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. A kò gbádùn oúnjẹ ọjọ́ náà. Okechukwu ń wo àbàwọ́n lára aṣọ tábìlì, èmi ń wo kọ́là ọmọ tó gbé oúnjẹ wá. Mama Nkechi ní òun kò ní bá wa lọ síbẹ̀ mọ́ títí a ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́bọ̀ kan, Okechukwu kò wá. Ọmọ rẹ̀ ló fóònù wa láti ilé ìwòsàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú, ó sì mú apá ọ̀tún rẹ̀.

Ọlọ́run ṣàánú, ó padà sílé. Ẹsẹ̀ ń gbé e díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní kó máa rìn, kó máa bá ènìyàn ṣe. Ṣùgbọ́n kò jáde. A gbé oúnjẹ lọ bá a, ó ní kí a gbé e kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án lójú wa. Ó ń rù. Ọjọ́bọ̀ tí a ń lọ sílé rẹ̀ wá dà bí ọjọ́ ìbẹ̀wò aláìsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kù èmi àti òun nìkan, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Okechukwu, kí ló dé tí o kò fẹ́ bá wa lọ? Kẹ̀kẹ́ á gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà."

Ìró lásán ló ró, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì. N kò rí i láì wọ ṣẹ́ẹ̀tì rí.

"Ìyàwó ọmọ mi ló ń wọ aṣọ fún mi," ló wí. "Ó ń ki apá mi bọ ọwọ́ aṣọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Ó ń di bọ́tìnnì fún mi. Ọmọ dáadáa ni, kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń yíjú sí ògiri títí á fi ṣe tán. Múráínà, ibo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Mo kí i, mo sì jáde. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìta, mo ti ń ronú ibi tí èèyàn ti lè là ṣẹ́ẹ̀tì.

Mo lọ bá Chidinma, mo ní kó yá mi ní ìjókòó kan. Ó dìde fún mi ní ìjókòó mi àtijọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òun ló ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi ni mo ń gé. Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún Okechukwu, mo la apá ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ gba abẹ́ apá dé ìsàlẹ̀, kí apá tí kò gbéra lè wọlé láìsí ẹni tó ń bá a tì í. Mo rán bọ́tìnnì sójú aṣọ fún ojú ayé, mo sì fi téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ra sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé.

Okechukwu fi ọwọ́ òsì kan ṣoṣo wọ̀ ọ́. Inú mi dùn. Ó wá fa téèpù náà, ó dún fàààà.

Ó dáwọ́ dúró. "Ariwo yìí," ó ní. "Gbogbo ilé ló máa gbọ́ pé mò ń wọṣọ."

Mo gbé e padà lọ. Mo fi bọ́tìnnì alátẹ̀ sí i, ó le jù fún ọwọ́ kan. Ó rẹ̀ mí. Mama Nkechi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù Chidinma, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n fi ń pa báàgì obìnrin dé?" ó bi mí.

"Báàgì báwo?"

"Òòfà, Múráínà. Irin pẹlẹbẹ méjì tó ń wá ara wọn. Mo tà á títí ó fi sú mi. Tó bá lè di báàgì mú, ṣé kò ní di ṣẹ́ẹ̀tì mú?"

Ọmọ rẹ̀ lọ rà á wá lọ́jà. Mo rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé òòfà kọ̀ọ̀kan kó má baà tutù sí i lára, mo tò wọ́n sí abẹ́ bọ́tìnnì, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tí mo là. Okechukwu wọ̀ ọ́. Ó kàn sún etí aṣọ méjèèjì mọ́ra, wọ́n so pọ̀ fúnra wọn. Ó tú u, ó tún un so. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó lọ fi sítáàṣì sí i, kó má sì jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Mama Nkechi ti jókòó sí ilé oúnjẹ ti Odoakpu nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró síta. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. A kò dìde, torí ó ti kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ó rìn wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun le ganrangan lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní ṣíbí, ó sì fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ iṣu, ó mu ọbẹ̀, ó ní ata rẹ̀ kò tó.

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà gbé ata wá fúnra rẹ̀. Ó ti ń wo ṣẹ́ẹ̀tì náà láti ìgbà tí Okechukwu ti wọlé.

"Nna anyị, bàbá wa, ẹ má bínú," ó ní. "Irú àìsàn yìí ló mú bàbá mi. Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Báwo lẹ ṣe ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì?"

Mo wolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé Okechukwu yóò dìde lọ. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ló gbójú sókè.

Okechukwu gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì fa ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣí láti abẹ́ apá dé ìdí, awọ ara rẹ̀ hàn sí gbogbo èrò. Ó sún un padà, ó so. Ó tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, kí obìnrin náà lè rí ibi tí òòfà wà.

"Ẹ̀gbẹ́ yìí ni ẹ máa kọ́kọ́ fi apá tó ń ṣàìsàn sí," ó ní. "Èyí tó dára á wọlé kẹ́yìn. Ẹ sọ fún un pé kó má kánjú."

Omi ti lé sójú obìnrin náà. Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ rán an? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá wọn bàbá mi náà? Inú ibí yìí ló wà."

Mo ti ti àga mi sẹ́yìn láti dìde, ṣùgbọ́n Okechukwu fi ọwọ́ òsì rẹ̀ dá mi dúró.

"Á wọ̀n ọ́n," ó sọ fún un. "Jẹ́ kó jẹun tán ná."